Ìdákẹ́jẹ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́

Mo kí àwọn tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá síhìn-ín tààrà, tí oorun ṣì wà lójú wọn. Tiyín ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ jẹ́.

Orí ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ gbé lé mi lọ́wọ́ ni bí ọkàn tó rọlẹ̀ ṣe ń bí ọgbọ́n tuntun. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé àwa Yorùbá tó ń gbé Woolwich àti Thamesmead kò ṣaláìní ìrònú. Ìrònú ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. À ń ro owó ilé. À ń ro ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí Home Office tí èsì rẹ̀ kò tíì dé. À ń ro ìyá tó ń dàgbà sí i ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí owó oògùn rẹ̀ ń wọ́n sí i lóṣooṣù. À ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì, à ń rò ó nídìí ààrò, a kúnlẹ̀ àdúrà tán a tún ń rò ó. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà tí a rí sí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rí títí dòní.

Dókítà kan ti bá irú èyí pàdé láàárín àwọn ọmọ wa tipẹ́. Raymond Prince, ọmọ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1960 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí ń gbóná fún wọn, tàbí kí wọ́n ní nǹkan ń rìn lórí àwọn. Wọ́n á ṣí ojú ìwé kan, ojú wọn á rí ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní wọlé. Ohun tí wọ́n kà lánàá á ti fò lọ lónìí. Brain fag ni orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn fún un: ìwé àkàjù ti mú kó rẹ ọpọlọ. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí láyé ìgbà náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹbí lè dáwó jọ fún, kí ojú gbogbo ilé sì wà lára rẹ̀. Bí ìwé kò bá wọlé, wákàtí ni ọmọ náà á tún fi kún un. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí a pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n ìwà tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí: kí nǹkan má lọ, kí á tún fi agbára kún un.

Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Ọgbọ́n tuntun kì í wá bá ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í sì í wá bá ẹni tí kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ló ń ṣáájú, ìdákẹ́jẹ́ á tẹ̀ lé e, ọ̀kan kò sì lè gba ipò èkejì. Gbogbo ìyá tó ti ṣe ògì rí ló mọ̀ ọ́n. Rírẹ àgbàdo, lílọ̀ ọ́, sísẹ́ ẹ, iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò bá gbé e síbì kan kó sùn mọ́jú, kí ògì fìdí balẹ̀ kí omi rẹ̀ sì là lókè, kò tíì sí ohun tí a máa rò lẹ́kọ. Àwa tí a wà níhìn-ín ti ṣe ti lílọ̀ àti sísẹ́ yanjú. Gbígbé e kalẹ̀ ni a kò ráyè fún.

Ẹ wo Samuel Bilewu Oshoffa, ọmọ Porto-Novo ní ilẹ̀ Dahomey tó di Benin lónìí. Káfíńtà ni, ó sì máa ń wọ igbó lọ wá igi ẹ́bónì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1947, oṣù tí òòrùn ṣókùnkùn lójú ọ̀run, ó wọ igbó ó sì ṣìnà. Ìtàn tí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ń sọ ni pé oṣù mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sẹ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀nà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀nà tó so Iléṣà pọ̀ mọ́ Àkúrẹ́, ó ń tún un ṣe, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ohùn tó yí ayé rẹ̀ padà. Lọ́dún 1930, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ ní Òkè-Ooye, Iléṣà.

N kò wá síbí láti jiyàn ẹ̀sìn. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ló pe àwọn méjèèjì wà níhìn-ín, ẹni tí kò gbà náà wà níhìn-ín. Ipò tí wọ́n wà ni mo fẹ́ kí a wò. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìpè bá. Nǹkan kan dá iṣẹ́ náà dúró, igbó fún ọ̀kan, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ fún èkejì. Kò sì sí èrò lọ́dọ̀ wọn, kò sí ẹni tí wọ́n máa bá tàkurọ̀sọ. Nínú àlàfo yẹn ni ohun tí wọn kò gbọ́ rí ti rí àyè wọlé. Àwọn Mùsùlùmí inú wa mọ ihò òkè Hira tí Ànábì máa ń lọ jókòó sí kí àkọ́kọ́ Àlùkùráánì tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì mọ ìtikáfù ọjọ́ mẹ́wàá ìparí Ràmàdáánì, tí èèyàn á kó ara rẹ̀ jọ sínú mọ́sálááṣí.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Henri Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, sọ tirẹ̀ fún àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Paris lọ́dún 1908. Ó ní fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko lòun fi ń bá ìṣirò kan jà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn kan rìnrìn àjò, ó gbàgbé ìṣirò. Níbi tó ti fẹ́ gun ọkọ̀ èrò ní ìlú Coutances, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àtẹ̀gùn ọkọ̀ báyìí ni ojútùú dé, odindi, láìjẹ́ pé ó ń wá a. Ẹ má gbàgbé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Ẹni tí kò bá ìṣirò jà rí lè gun ọkọ̀ ní Coutances títí ayé, àtẹ̀gùn lásán ló máa tẹ̀.

Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tí Mark Beeman àti John Kounios wà nínú wọn, fi ẹ̀rọ wo orí àwọn èèyàn tó ń tú àlọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdáhùn bá fẹ́ dé lójijì, iná iṣẹ́ á tàn lápá ọ̀tún orí, lókè etí. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Ní bí ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣáájú, apá ẹ̀yìn ọpọlọ tó ń gba ohun tí ojú ń rí á dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ọpọlọ á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ìta fúnra rẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tó wà nínú ilé. Bí ìṣẹ́jú-àáyá kan bá ṣe pàtàkì tó báyìí, kí ni a fẹ́ sọ nípa ìgbésí ayé tí kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un?

Síbẹ̀, kò sí ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí kedere tó inú ètò Ifá dídá, ẹ sì jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé a mọ̀ ọ́n. A máa ń rò pé ẹni tó lọ dá Ifá á jókòó, á ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, babaláwo á sì sọ ohun tó máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ètò náà rí. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, tó sì gbé ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde lọ́dún 1969, ṣàlàyé rẹ̀ bí àwọn babaláwo ṣe fi hàn án. Ẹni tó wá kì í sọ ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo. Owó ló ń mú, á gbé e sún mọ́ ẹnu, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, á gbé owó náà kalẹ̀. Babaláwo á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí kó pa ikin, odù kan nínú 256 á jáde. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ̀ tó mọ̀ lábẹ́ odù náà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹnì kan dá Ifá nítorí àìríbí. Ẹnì kan dá a nítorí ó ń lọ sí ìlú òkèèrè. Ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ ló ń dà á. Ẹni tó wá ló ń gbọ́, òun náà ló sì máa mọ ẹsẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ tó sọ sí owó mu.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ètò yìí ń ṣe lórí ọkàn. Ó fi ipá mú ẹni tó dé tìrònú-tìrònú láti kó gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ jọ sínú gbólóhùn mélòó kan, kó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó dákẹ́. Á wá máa gbọ́ ìtàn ẹlòmíràn fún àkókò gígùn, ìtàn tí kò dárúkọ rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni èyí tó jẹ́ tirẹ̀ á ti gbá a láyà. Ọdún gbọọrọ ni babaláwo fi kọ́ ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn sórí, àjọ UNESCO sì ti kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo aráyé, nítorí náà n kò fojú kéré ìmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dídá ẹsẹ̀ mọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó wá. Àwọn baba wa fi ìdákẹ́jẹ́ há àárín ìbéèrè àti ìdáhùn, wọ́n sọ ọ́ di ètò tí kò ṣeé fò. Àwa ọmọ wọn, tí a tẹ ìbéèrè sórí fóònù, ìdáhùn á dé kí a tó mí.

Ẹ jẹ́ kí n bọ̀ sí ibi tí a ń gbé.

Ilẹ̀ yìí kò mọ ìdákẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Royal Arsenal nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń rọ ìbọn àgbá fún ọ̀pọ̀ ogun tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal sílẹ̀ ní 1886, ẹgbẹ́ tó ń fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin inú gbọ̀ngàn yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Orí àbàtà tó lọ títí dé Thamesmead ni wọ́n ti ń dán àgbá wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó ẹ̀tù pamọ́ sí, wọ́n á gbẹ́ kòtò omi yí ilé ẹ̀tù ká nítorí iná. Ọ̀kan nínú ilé ẹ̀tù náà ṣì wà, Tump 53 ni wọ́n ń pè é. Ẹyẹ omi ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, ọgbà ìtọ́jú ẹranko àti ewéko ni.

Nígbà tí ìjọba Greater London Council bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Thamesmead ní àárín àwọn ọdún 1960, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilé wọn, Robert Rigg, ti gbọ́ nípa àwọn àdúgbò kan ní ilẹ̀ Sweden tí wọ́n kọ́ sétí omi. Wọ́n gbà gbọ́ níbẹ̀ pé adágún àti odò ń mú ọkàn àwọn ọ̀dọ́ rọlẹ̀, pé ìwà bíba nǹkan jẹ́ ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí Southmere, Birchmere àti àwọn adágún yòókù fi wà láàárín ilé wa. Wọ́n tún ń gba omi òjò, nítorí àbàtà ni, ìkún-omi ńlá ọdún 1953 sì ti kọ́ ìjọba lọ́gbọ́n débi tí wọn kò fi jẹ́ kí a kọ́ yàrá ìgbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn ilé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rántí pé àwọn kan jókòó ní ọ́fíìsì, wọ́n ná owó ìlú, nítorí wọ́n gbà pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó ń gbé ilé ìjọba ṣe pàtàkì. Ó wù mí púpọ̀.

Ṣé omi náà wá ṣe é? Kò tó. Ìdílé àkọ́kọ́ kó dé ní 1968, ṣọ́ọ̀bù kò tíì sí, bọ́ọ̀sì kò pọ̀. Títí dòní, ìlú odindi yìí kò ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀, Abbey Wood tàbí Plumstead la ń lọ. Ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí aládùúgbò nínú rẹ̀, àdáwà ni. Ohun tó burú jù sì tún wà níwájú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1991, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà pa Rolan Adams, ọmọ ọdún 15, ní Thamesmead. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1993, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà mìíràn pa Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18, ní Eltham, ibi tí kò jìnnà sí wa. Òbí adúláwọ̀ tó bá jókòó sétí Southmere láwọn ọdún yẹn, ta ló máa sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀? Aago ló ń wò. Ọ̀nà tí ọmọ máa gbà wọlé ló ń wò.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ àwọn tó ń ta ìfọ̀kànbalẹ̀ bí ọjà, tí wọ́n ní ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀ wà, inú mi kì í dùn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè dákẹ́ nínú. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta kò rí igun tó máa jókòó sí. Ìdákẹ́jẹ́ ní owó orí tirẹ̀, àwọn kan nínú wa ni wọ́n sì ń bù ún lé lórí jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Lórí òkè ní Abbey Wood, àwókù ilé àwọn àlùfáà wà níbẹ̀, Lesnes Abbey. Richard de Luci ló kọ́ ọ ní 1178. Olórí àwọn adájọ́ Ọba Henry Kejì ni, ọ̀kan nínú àwọn alágbára jù lọ nílẹ̀ yìí, ó sì wà lẹ́yìn ọba nínú ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní 1170. Àwọn òpìtàn kan rò pé ìrònúpìwàdà ló mú un kọ́lé náà. Ní 1179, ó fi ipò sílẹ̀, ó kó lọ síbẹ̀ láti wá ìsinmi. Oṣù mélòó kan péré ló lò kó tó kú. Mo máa ń ronú kàn án tí mo bá gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan bá ní, jẹ́ kí n kọ́ ilé tó wà ní Ìbàdàn tán, jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì, ìgbà yẹn ni mo máa sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi, òṣìṣẹ́ ni de Luci náà. Ó ṣe ìdajì àkọ́kọ́, ìyẹn iṣẹ́, fún ohun tó lé lógójì ọdún.

Ariwo tiwa lónìí kì í ṣe ti àgbá. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì N1 tó ń ti àárín ìlú bọ̀ wá sí Thamesmead lóru, ẹ ó rí wa: ẹni tó nu ọ́fíìsì, ẹni tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀nà náà jìn, ó lé ní wákàtí kan. Àkókò kan ṣoṣo nìyẹn nínú ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí a ṣe nǹkan. Kí ni a ń fi í ṣe? WhatsApp ẹbí, WhatsApp ìjọ, WhatsApp ẹgbẹ́ ilé ìwé, fídíò ìjà àwọn olóṣèlú ní Àbújá. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó dá wà láàárín òru nílẹ̀ onílẹ̀ nílò ohùn ará ilé. Mo kàn ní kí a fi ìdajì ọ̀nà sílẹ̀. Láti Greenwich dé ilé, kí fóònù wà nínú àpò. Ẹ̀yin tó ń gba ọkọ̀ ojú omi Woolwich kọjá, èyí tó ti ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1889, ẹ bọ́ sí ìta, ẹ dúró lára irin, ẹ wo omi títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Ilé sinimá ńlá méjì tí wọ́n ṣí ní Woolwich ní 1937, Granada àti Odeon, ti di ilé ìjọsìn, èèyàn wa sì pọ̀ nínú àwọn tó ń kún wọn. Inú mi ń dùn tí mo bá ń kọjá níbẹ̀. N kò bá ìjọ kankan wí, àṣà gbogbo wa, níbi gbogbo, ni mo ń sọ. Nínú ìṣọ́ òru wa, a máa ń béèrè, a ó sì tún béèrè, makirofóònù kò ní bọ́ lọ́wọ́. A bi Olódùmarè ní ìbéèrè tán, a kò fún un ní ìṣẹ́jú kan láti dáhùn. Àwọn tó kọ́kọ́ gun orí òkè ní ilẹ̀ wa lọ gbàdúrà, wọ́n kígbe, òótọ́ ni. Wọ́n tún jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn igbe. Ẹ̀yin olórí ìjọ tó wà níhìn-ín, mo bẹ̀ yín, nínú wákàtí mẹ́fà ìṣọ́ òru, ẹ fún wa ní ìdá mẹ́rin wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, tí dùùrù pàápàá kò ní dún. Àwọn kan máa sùn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn, oorun wà lára ohun tí wọ́n wá tọrọ.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí ilé bá pa lọ́lọ́, àròkàn ló ń dé, ìrántí ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó dé ìlú yìí, tàbí ohùn tó ń ní kí wọ́n ṣe ara wọn léṣe. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé kó lọ jókòó jẹ́jẹ́. Nígbà tí Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aró lọ́dún 1954, kò ti aláìsàn mọ́ inú yàrá. Inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló ní kí wọ́n máa gbé, kí ẹbí kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú dókítà. Gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Níbí, GP yín wà. NHS Talking Therapies wà, ẹ lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà kọ̀wé. Láti 2004 ni àjọ NICE, tó ń gba NHS nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ àṣàrò tí wọ́n ń kọ́ láàárín ẹgbẹ́ èèyàn fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń dé, tó ń lọ, tó tún ń padà wá. Kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá yọ sí wa lọ́kàn nínú ìdákẹ́jẹ́ ni ọgbọ́n. Ìbẹ̀rù lè wọ aṣọ ìmísí. Ìfẹ́ owó pẹ̀lú. Graham Wallas, tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1926, fi ìdánwò sí ìparí: lẹ́yìn tí èrò bá ti dé, a ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Poincaré padà sílé, ó jókòó, ó fi ìṣirò tọ ojútùú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Josiah Ositelu, tó dá Church of the Lord sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, ìjọ tí Adélékè Adéjọbí gbé dé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ní 1964, máa ń kọ ìran tó rí sínú ìwé, ọdún dé ọdún. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó tún un kà. Ẹ mú un tọ ẹnì kan lọ tí kì í gbà fún yín ní gbogbo ìgbà. Tí èrò náà bá ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ kó owó àjọ sí òwò kan, kí ẹ lé ọmọ jáde nílé, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀, àwọn àgbà kò sì sọ pé ọjọ́ kan ni a ó fi pa á.

Mo ṣèlérí pé mo máa padà sórí owó orí. Ọ̀pọ̀ ìyá inú gbọ̀ngàn yìí ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà lóru Fúráìdé, wọ́n á wọlé láàárọ̀ Sátidé, ọmọ ti jí, ọmọ fẹ́ jẹun, ọmọ fẹ́ lọ sí ibi bọ́ọ̀lù. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan lórí ìfọ̀kànbalẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló nílò. Ẹgbẹ́ yìí ní gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì wà, ọ̀pọ̀ nínú yín ti ṣiṣẹ́ nílé ìwé àti nílé ìtọ́jú ọmọ rí, ẹ mọ ètò ìdáàbòbò ọmọdé, ẹ mọ bí a ṣe ń gba ìwé DBS tí wọ́n fi ń yẹ ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ní yunifásítì Greenwich lè wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti èdè Yorùbá. Ká máa bá àwọn ìyá náà tọ́jú ọmọ níbí láàárọ̀ Sátidé, láago mẹ́sàn-án sí méjìlá, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ká fi bẹ̀rẹ̀. Ká má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ká má sì béèrè ohun tí ìyá náà fi wákàtí rẹ̀ ṣe, ìbáà sùn ún, ìbáà lọ yí Birchmere ká, ìbáà jókòó sórí àga kó wo ògiri.

Alága, mo bẹ̀ yín, kí ìpàdé yan ẹni mẹ́ta tí yóò bẹ̀rẹ̀ ètò náà kí a tó tú ká. Ẹ jọ̀wọ́, kó tètè yá, nítorí àwọn kan nínú wa á wọ iṣẹ́ láago mẹ́jọ alẹ́ òní.